Láti Òfúrufú dé Àríwá Èkìtì: Ìtọ́sọ́nà fún Àlejò Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rìn jìnnà níláti mọ bí ọ̀nà ti gùn tó, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé Èkìtì, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, ni ó dorí kọ, tí ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ òfúrufú gbé òun dé ìtòsí. Kò sí pápákọ̀ òfúrufú ní Ìkọ̀lé Ẹgbẹ́ Ọba, kò sí ní Ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Ìdó. Ibòmíràn ni bàálù yóò sọ àlejò kalẹ̀ sí, ẹsẹ̀ mọ́tò ni yóò sì fi parí ìrìn rẹ̀.

Àkúrẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bà sí. Láti Èkó dé ibẹ̀, nǹkan bí 230 kìlómítà ni lójú òfúrufú, bàálù a sì máa fò ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Láti Àbújá, ó tó 290 kìlómítà, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lọ. Lójú ẹni tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù fò fún ohun tí ó lé ní wákàtí mẹ́fà kí ó tó balẹ̀ sí Èkó, eré ọmọdé ni èyí. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ kí ìyẹn tan òun jẹ, nítorí ìdúró, àyẹ̀wò ẹrù àti ọ̀nà ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ọjọ́. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú sánmà, bàálù lè pẹ́, ó sì lè má gbéra rárá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni bàálù àkọ́kọ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfúrufú Adó-Èkìtì. Ẹni tí ó bá rí bàálù tí ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìrìn rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ nǹkan bí 50 kìlómítà ọ̀nà ilẹ̀. Ẹni tí ó bá sì bà sí Ìlọrin lè gba Ọmú-Àrán àti Ọ̀tùn wọ Ìdó.

Láti Àkúrẹ́, ọkọ̀ yóò gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá, yóò wọ Adó, yóò sì dé Ìfàkì, níbi tí ọ̀nà ti pínyà: apá òsì lọ sí Ìdó, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà, apá ọ̀tún lọ sí Ọyẹ́, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Ìkọ̀lé, gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ẹni tí ó ń lọ sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 2011 níláti kọ́kọ́ béèrè bóyá Ọyẹ́ ni tàbí Ìkọ̀lé, nítorí ìlú méjèèjì ni ó fi ṣe ibùjókòó, wọ́n sì jìnnà síra ju 20 kìlómítà lọ.

Òwúrọ̀ lọjọ́: bàálù àárọ̀ ni kí àlejò yàn, kí ó lè wọ ilé onílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ojo, nítorí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni àwọn oníṣẹ́ ibi pa ọba méjì ní agbègbè Ìkọ̀lé bí wọ́n ti ń ti òde bọ̀. Ẹni tí yóò sì tún wọ bàálù lọ sí òkè òkun, kí ó padà dé Èkó ní ọjọ́ kan ṣáájú. Owó ilé àlejò òru kan kò tó owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ó bá bàjẹ́.