Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ẹ Fọ Ọ̀nà Omi Ẹ́ńjìnnì Ọlọta

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń lọ ata ní ọjà Bódìjà àti Agbowó, owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni púpọ̀ nínú wa fi ra ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, gbèsè kì í dákẹ́. Àwọn onídùúró wa ni wàhálà náà yóò kàn.

Omi inú dúróòmù ló ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ṣùgbọ́n omi kànga mìíràn ní èròjà òkúta nínú. Bó bá gbóná, èròjà náà á lẹ̀ mọ́ irin, á le bí ohun funfun tí à ń rí ní ìsàlẹ̀ kẹ́tù. Ọ̀nà omi á há, ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, á sì nọ́ọ̀kì.

Ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Ẹ pa á, kó tutù pátápátá. Omi tútù lè la irin gbígbóná.

2. Ẹ da omi àtijọ́ nù, kí ẹ fọ dúróòmù àti rọ́bà.

3. Ẹ rọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀nà omi fún wákàtí kan. Bó bá ń hó, èépá ló ń yọ́. Ẹ má lo áásìdì bátìrì, irin ló ń jẹ.

4. Ẹ fi omi ṣàn án títí yóò fi mọ́.

5. Omi òjò ni kí ẹ dá padà. Kò ní èròjà òkúta. Ẹ gbe é pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ohun tó ń bọ́ wa.