Orúnkún Ń Ro Yín Lórí Kẹ̀kẹ́? Ẹ Wo Ìjókòó Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

  

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan tí a jọ ń kírun ní mọ́sálásí wa wá bá mi ní ilé oògùn. Ọmọ ọdún 58 ni wọ́n. Dókítà ti sọ fún wọn pé ìfúnpá wọn ga, pé kí wọ́n máa lo oògùn wọn déédéé, kí wọ́n sì máa fi ara ṣe eré ìdárayá. Bàbá rántí kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń gùn lọ sóko nígbà èwe wọn, ni wọ́n bá lọ ra kẹ̀kẹ́ tòkúǹbọ̀ kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Wọ́n béèrè diclofenac, mo sì tà á fún wọn. N kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí wọ́n padà wá ra ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo tó yẹ ìfúnpá wọn wò. Ó ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ojú tì mí. Ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì ni pé diclofenac, ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lè mú kí ìfúnpá ga sí i, wọ́n lè dín agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù, wọ́n sì lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá bí a bá ń lò wọ́n léraléra. Mo ní kí bàbá gbé kẹ̀kẹ́ náà wá. Ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé nígbà tí wọ́n gùn ún, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Ara kẹ̀kẹ́ ni àìsàn wà, kì í ṣe ara bàbá. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lóṣù yìí nìyí: kẹ̀kẹ́ ni kí a tún ṣe kó bá ara wa mu, kí a má fi oògùn mú ara fara da kẹ̀kẹ́ tí kò bá a mu.

Ẹ̀tọ́ ara lọ́rùn wa

Ànọ́bì wa kọ́ Abdullahi ọmọ Amru, ẹni tó ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́ tó sì ń fi gbogbo òru kírun, pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà máa fi ara ṣe eré ìdárayá fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 sì máa ṣe tó 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ ti pé 150 yẹn. Àǹfààní kẹ̀kẹ́ ni pé òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara wa, nítorí náà ó rọ orúnkún lọ́rùn ju eré sísá lọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá tò ó dáadáa, àǹfààní náà á di ìnira.

Yíyan kẹ̀kẹ́

Ẹ má fi àwọ̀ tàbí orúkọ ra kẹ̀kẹ́. Ẹ dúró kí kẹ̀kẹ́ wà láàárín itan yín, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó yẹ kí àlàfo bí i ìka méjì tàbí mẹ́ta wà láàárín irin àárín kẹ̀kẹ́ àti ara yín. Bí irin náà bá kàn yín, kẹ̀kẹ́ náà ti ga jù. Fún àwọn ìyá wa àti ẹni tó ń wọ jàlámíà, kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ ló dára jù, nítorí pé gígùn àti sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ kò nira.

Bí ẹ bá ń gbé ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú bí ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà tó yín. Bí ó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tó kún fún òkè, ẹ wá èyí tó ní jíà. Tí ó bá jẹ́ tòkúǹbọ̀, ẹ gbé táyà sókè kí ẹ yí i: ṣé ó ń yí gbọọrọ ni, àbí ó ń fì? Ẹ wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Bí ó bá ti sán, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ra kẹ̀kẹ́ tí ọmọ yóò "dàgbà bá." Agbádá bàbá lè dúró de ọmọ nínú àpótí, kẹ̀kẹ́ tó ga ju ọmọ lọ á gbé e ṣubú lónìí. Táyà 20 ínǹṣì sábà máa ń bá ọmọ ọdún 6 sí 8 mu, 24 ínǹṣì sì ń bá ọmọ ọdún 9 sí 11 mu, ṣùgbọ́n gígùn ẹsẹ̀ ọmọ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan.

Títo ìjókòó

Ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan bá yín dì í mú. Ẹ yí pẹ́dà kan débi tó lọ sílẹ̀ jù, kí ẹ sì gbé gìgísẹ̀ lé e. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ yín nà tán. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, bí a ti ń gùn ún gan-an, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ìjókòó yẹ kó wà nìyẹn. Kí ojú ìjókòó tẹ́jú, kí imú rẹ̀ má wo òkè tàbí ilẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ga tó ìjókòó tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀.

Bí ara bá ṣì ń ro yín, ibi tó ti ń ro yín ló máa sọ ohun tí ẹ ó ṣe:

Iwájú orúnkún: ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yìn orúnkún, tàbí tí ìbàdí ń fì sọ́tùn-ún sósì: ìjókòó ti ga jù.

Àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìka tó ń kú: ìwúwo ara ti pọ̀ jù lọ́wọ́. Ẹ gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè, ẹ wò ó bóyá imú ìjókòó ń wo ilẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ ìgúnpá díẹ̀.

Ojú ara tó ń kú: ẹ má tìjú, ẹ má sì fojú fò ó. Imú ìjókòó lè máa wo òkè, tàbí kí ìjókòó má bá yín mu. Ẹ máa dìde dúró lórí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá lọ, ẹ rí dókítà.

Ìtọ́jú kẹ̀kẹ́

Ànọ́bì sọ fún ọkùnrin kan pé kí ó so ràkúnmí rẹ̀, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Bíréèkì ni okùn ràkúnmí tiwa. Kí ẹ tó jáde, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò.

Àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́. Iye tí táyà ń fẹ́ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà PSI. Ẹ sọ iye náà fún fọ́káníísà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń mú kí kẹ̀kẹ́ wúwo, ó sì ń tètè jò.

Èkejì, bíréèkì. Ẹ fún un mọ́lẹ̀ kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Táyà kò gbọdọ̀ yí. Ẹ yẹ tiwájú àti tẹ̀yìn wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gùn ún, ẹ máa lo méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fún tiwájú nìkan lójijì lè takìtì.

Ẹ̀kẹta, ṣéènì. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, kí ẹ kán epo fẹ́lẹ́ sí i, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń fi sí maṣíìnì. Ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò. Ẹ má lo epo pupa tàbí epo dúdú tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀: iyanrìn ni yóò máa kó jọ. Epo kò sì gbọdọ̀ kan rọ́bà bíréèkì. Bí òjò bá pa kẹ̀kẹ́, tàbí tí eruku ọyẹ́ bo ṣéènì, ẹ tètè nù ún.

Aṣọ, àlùwàlá àti ojú ọ̀nà

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀rá ṣéènì kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó ṣe àlùwàlá, nítorí ọ̀rá tó nípọn kì í jẹ́ kí omi dé ara. Ẹ ká etí ṣòkòtò, ẹ ki etí híjáàbù bọnú aṣọ, kí ṣéènì tàbí táyà má baà fà á. Ẹ dé akoto lórí fìlà fẹ́lẹ́ tàbí híjáàbù fẹ́lẹ́. Ẹ máa gba ọwọ́ ọ̀tún bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ẹ má dojú kọ ọkọ̀. Ẹ yẹra fún òpópónà márosẹ̀. Ẹni tó bá ń jáde lẹ́yìn ìrun Súbùhì, kí ó ní iná níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ má sì gbàgbé àdúà gígun nǹkan tó wà nínú Súrátù Zukhruf, áyà 13 àti 14.

Ẹni tó ń lo oògùn

Bí ìfúnpá yín bá ti dé 180/110, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, kí ó mú dàbínù dání: ṣúgà ara lè lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àmì rẹ̀ ni gbígbọ̀n, ìlàágùn òjijì, ebi òjijì àti òòyì. Bí àyà bá ń fún yín, tí èémí sì ń ké, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ wá ìrànlọ́wọ́ kíákíá. Ìgbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ ra oògùn ara ríro, ẹ sọ fún apòògùn pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí òun kò bá béèrè, bí èmi náà kò ti béèrè lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ẹ sọ ọ́.

Sípánà kan ni a fi gbé ìjókòó bàbá wa sókè. Wọ́n dá diclofenac dúró, wọ́n padà lọ rí dókítà wọn, orúnkún náà sì rọlẹ̀. Lónìí, bí a bá kírun Súbùhì tán, wọ́n á ti máa tẹ bíréèkì wò kí n tó wọ bàtà mi.

Ní Jímọ̀ yìí, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ilé yín síta, ti bàbá, ti ìyá àti ti ọmọ, kí ẹ sì fi gìgísẹ̀ wọn ìjókòó. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera tí a ó fi sìn Ín. Àmín.