Àtẹ̀jíṣẹ́ Inú Fóònù Màmá

Fóònù màmá rẹ dún. Wọ́n gbé e fún ọ pé kí o bá àwọn ka ohun tí ó wà níbẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní Ọjọ́bọ̀."

Láyé àtijọ́, akéde ni ó ń lu agogo káàkiri ìlú. Ti fóònù, inú ilé ni ó ti ń báni; ojú kò ní ti màmá láàárín ọjà.

Màmá lè ní, "Ara mi le, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní ilé ìwòsàn?" Ẹni tí ara rẹ̀ le gan-an ni wọ́n ń pè! HPV ni orúkọ kòkòrò tí ó sábà ń fa àrùn yìí. Bí kò bá kúrò lára, ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ, kì í sì í sábà dunni. Bí nọ́ọ̀sì bá tètè rí ibi tí ara ti ń yí padà, wọ́n lè tọ́jú ibẹ̀ kí ó má di jẹjẹrẹ rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò náà ní ọmọ ọdún 30.

Tún ọjọ́ náà kà fún màmá.

Ìbéèrè
1. Kí ni fóònù fi sàn ju agogo akéde lọ?
2. Kí ni ìwọ yóò sọ fún ẹni tí ó ní ara òun le?