Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìfarapa Ọpọlọ Ọmọdé àti Ìtọ́jú Rẹ̀ Nínú Ẹbí

1. Orúkọ àìsàn náà

Bí ọmọdé bá fi orí sọlẹ̀ níbi ìjàǹbá ọkọ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ sì fara pa gidigidi, ẹnu dókítà ni ẹbí rẹ̀ yóò máa wò. Ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ bá yàn ni yóò pinnu ohun tí wọn yóò máa retí. Gbólóhùn bí "ọpọlọ rẹ̀ dàrú" kò tọ̀nà, nítorí wèrè ni etí Yorùbá máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. "Ìfarapa ọpọlọ" ló yẹ: bí ẹsẹ̀ ṣe ń fara pa, bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀.

2. Láti ìdákú dé iyè

Lójú Yorùbá, dídákú kì í pẹ́: wọ́n á bu omi lu ẹni tó dákú, yóò sì jí. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kómà jìn ju èyí lọ. Ariwo tàbí ìrora kò lè la ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀. "Ìdákú jíjìn" lè dúró fún un.

Ìṣòro ńlá wà nínú "jí". Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ọmọ lè là láìjẹ́ pé ó mọ ohunkóhun tó ń lọ. Ní 1972, Bryan Jennett àti Fred Plum fún ipò yìí ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fara jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ewéko. Bí ògbufọ̀ bá tú u ní olówuuru, èébú ni ìyá ọmọ yóò gbọ́. Bí ó bá sì ní "ó ti jí", ìrètí asán ló fún un. "Ìlajúsílẹ̀ láìsí iyè" ló sún mọ́ òótọ́. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ya ipò mìíràn sọ́tọ̀, níbi tí ọmọ ti ń fi ojú tẹ̀lé ènìyàn tàbí kí ó jẹ́ ìpè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Iyè bíńtín" bá èyí mu.

Àmì ohùn ṣe kókó níhìn-ín. "Iyè" ni èyí tó ń ra tàbí tó ń sọ nínú ènìyàn. "Ìyè" ni òdìkejì ikú. Bí ìwé ilé-ìwòsàn kò bá ní àmì ohùn, òbí lè kà á sí pé ọmọ wọn ti kú. Nítorí náà, ó sàn kí a kọ "iyè-inú" ní kíkún.

3. Òṣùwọ̀n Glasgow

Ní 1974, Graham Teasdale àti Jennett gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní ìlú Glasgow. Bí wọ́n ti ń lò ó lónìí, ojú lílà gba máàkì 4, ọ̀rọ̀ sísọ 5, mímira 6. Máàkì 3 ló kéré jù, 15 ló ga jù. Láti 8 wá sílẹ̀ ni ìfarapa líle.

Èdè wọ inú ìdiwọ̀n yìí. Ọmọ tí kò gbọ́ ju Yorùbá ilé lọ, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bi léèrè ibi tó wà, lè gba máàkì kékeré nítorí èdè, kì í ṣe nítorí ọgbẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹbí ti bẹ̀rẹ̀: kí ìyá tàbí bàbá bá a sọ ẹ̀ka-èdè tó mọ̀, kí wọ́n pè é ní oríkì tí wọ́n ń pè é nílé, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún nọ́ọ̀sì.

4. Ìmúbọ̀sípò

"Ìwòsàn" ń sọ pé iṣẹ́ ti parí. "Ìmúbọ̀sípò" ń sọ pé ọ̀nà jìn: ọmọ lè ní láti tún kọ́ bí a ti ń gbé oúnjẹ mì, bí a ti ń jókòó, bí a ti ń sọ̀rọ̀; ilé sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà ti ń wáyé. Nítorí pé ọpọlọ ọmọdé ṣì ń dàgbà, ìṣòro ìrántí tàbí ìfọkànsí lè fara pamọ́ di ìgbà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá le sí i. Olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò pè é ní olódo tàbí alágídí. "Àbájáde apẹ́yọjú" yẹ fún èyí.

5. Àkójọ

ìfarapa ọpọlọ: ọgbẹ́ tó kan ọpọlọ
ìdákú jíjìn: kómà
ìlajúsílẹ̀ láìsí iyè-inú: ojú là, ọmọ kò mọ nǹkan
iyè-inú bíńtín: ọmọ ń mọ nǹkan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan
ìmúbọ̀sípò: títún agbára àti ìṣe kọ́
àbájáde apẹ́yọjú: ìṣòro tó hàn lẹ́yìn ọdún púpọ̀

Ọ̀rọ̀-ìperí tó péye kì í wo ọgbẹ́ sàn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ẹbí mọ ibi tí ọmọ wọn dé, àti ohun tó kù fún wọn láti ṣe.