Kí O Tó Sanwó Àpò Ìsùn Yẹn

Àbúrò mi, wọ́n ti sọ fún mi pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń lọ sùn lórí òkè ní Lake District lóṣù keje. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ gbádùn ara yín. Ṣùgbọ́n àpò ìsùn tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp yẹn, má tíì sanwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

Má jẹ́ kí oòrùn Manchester tàn ọ́. Bí èèyàn bá ṣe ń gun òkè ni atẹ́gùn ń tutù sí i. Tí o bá gun mítà 1,000, ooru á ti fi nǹkan bíi digírì mẹ́fà àtààbọ̀ dín kù. Scafell Pike, òkè tó ga jù ní England, mítà 978 ni. Tó bá jẹ́ digírì 12 lóru ní ìsàlẹ̀ ní Wasdale, tí ẹ̀yin wá pàgọ́ sítòsí ṣóńṣó òkè, ẹ máa retí 6, kí afẹ́fẹ́ tó wá fi tirẹ̀ kún un.

Nọ́ńbà ara àpò ìsùn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àwa obìnrin ṣeré. Mẹ́ta ni wọ́n. Comfort ni ìwọ̀n tí obìnrin lè na ara sùn sí láìgbọ̀n. Limit, ọkùnrin ni wọ́n fi ṣírò ìyẹn, ọkùnrin tó ká ara rẹ̀ jọ pẹ̀lú. Extreme ni ibi tí obìnrin lè fara dà á dé fún wákàtí mẹ́fà kí òtútù má tíì pa á. Kò sí oorun kankan níbẹ̀. Ìlànà ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ISO 23537 ni wọ́n fi ń mú wọn jáde (lára àwọn àpò àtijọ́, EN 13537 ni wàá rí). Ìlànà náà dára. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé olùtajà máa ń kọ nọ́ńbà tó bá dùn ún wò jù gàdàgbà síwájú. Wo èyí tí o fi ránṣẹ́: 5 ló wà níwájú, Limit ni. Comfort rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, 9. Tọkùnrin ni 5, tìrẹ ni 9.

Fún òkè ilẹ̀ yìí nígbà ooru, Comfort 5 ni kí o máa wá. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣì ń tutù lórí bẹ́ẹ̀dì ilé rẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, wá 2 tàbí 3.

Ohun tó wà nínú àpò ló ń pinnu owó àti ìwúwo rẹ̀. Àwọn kan ní ìyẹ́ múlọ́múlọ́ tó wà lábẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ, àwọn kan ní òwú pọliẹ́sítà. Ìyẹ́ fúyẹ́, ó ṣeé tẹ̀ rúnrún, ó sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti mumi, á lẹ̀ pọ̀, ooru rẹ̀ á sì lọ. Ibi tí ẹ sì ń lọ rèé: Seathwaite, abúlé kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn òkè yẹn ní ìhà Borrowdale, ni wọ́n mọ̀ pé òjò ti ń rọ̀ jù nínú gbogbo ibi tí èèyàn ń gbé ní England. Òwú pọliẹ́sítà á ṣì máa móoru díẹ̀ bó bá tilẹ̀ tutù, á sì tètè gbẹ. Àpò olówú tó dáa kò sábà kọjá 50 sí 90 pọ́ùn. Tìyẹ́ tí ooru rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ìwúwo wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 400 lọ, kò tó omi ìgò kékeré kan. Olówú ni kí o rà. Tí òkè bá wá wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, o lè tọ́jú owó fún tìyẹ́.

Wo bó ṣe rí lára rẹ náà. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ láti èjìká dé ẹsẹ̀ ló fúyẹ́ jù, àmọ́ ìbàdí wa kì í ṣe èyí tí a lè fi pamọ́. Tó bá há mọ́ ọ, yóò tẹ òwú inú rẹ̀ pa, òtútù á sì gba ibẹ̀ wọlé. Wá èyí tí wọ́n rán fún obìnrin, ó máa ń fẹ̀ níbàdí. Tí o kò bá ga, ra kúkúrú. Síìpù tó dé ìdajì ti tó. Irun ńkọ́? Tí o bá fi atáṣímẹ́ǹtì dì í, tí o wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sáàárín orí, ìbòrí àpò yẹn kò ní pa dé. Tú u sílẹ̀ sẹ́yìn, kí o sì dé fìlà sátíìnì rẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ẹní, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Òwú tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ, ara rẹ á ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò wúlò mọ́. Ẹní nìkan ló wà láàárín ìwọ àti ilẹ̀ tútù. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní R-value ni kí o wò lára rẹ̀. Nígbà ooru, 2 sí 3 ti tó. Ẹní fóòmù lásán máa ń sún mọ́ 2, owó rẹ̀ kéré, kò sì lè jò.

Kí o tó lọ sí Decathlon tàbí Alpkit, béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ wa tó ṣe Duke of Edinburgh's Award nílé ìwé, àpò ìsùn wọn wà lókè àjà, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Gbọ́ òórùn rẹ̀, na án sílẹ̀, kí o wò ó bóyá yóò wú padà. Èyí tó bá wà ní títẹ̀ pọ̀ láti ọdún pípẹ́, òwú rẹ̀ ti kú. Ìdí nìyí tí o fi gbọ́dọ̀ máa tú tìrẹ sílẹ̀ nínú àpò ńlá tí o bá ti délé.

Tí gbogbo owó tí o ní bá jẹ́ 80 pọ́ùn, fi bíi 60 ra àpò olówú, fi ìyókù ra ẹní, kí o sì bọ àpò náà sínú ọ̀rá ńlá kí òjò má bàa kàn án. Èyí tí wọn kò bá kọ Comfort sí lára rárá, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, dá a padà sórí igbá.