Adìmú ni, Kì í Ṣe Alẹ̀mọ́: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ọpọlọ Èkúté

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ ti ṣì mí lọ́nà rí.

Kí ni à ń pè ní sínápúsì? Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ti ń ránṣẹ́ sí èkejì ni. Ní ọdún 1897 ni Charles Sherrington mú orúkọ náà wá láti inú èdè Gíríìkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ kí nǹkan méjì di ara wọn mú. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì méjèèjì kò fara kan ara. Àlàfo wà láàárín wọn, nǹkan bí 20 nánómítà: bí a bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 20 nínú rẹ̀ ni. Àwọn èròjà kan ni ó na ọwọ́ kọjá àlàfo yìí. Neurexin na ọwọ́ láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ń ránṣẹ́, neuroligin láti ọ̀dọ̀ èyí tí ń gbà á; wọ́n sì di ara wọn mú. "Èròjà alẹ̀mọ́" ni mo kọ́kọ́ pè wọ́n, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àtè. Èkúté ni ó tún èrò mi ṣe.

Nínú hipokáńpọ́ọ̀sì, apá ọpọlọ tí èkúté fi ń rántí ọ̀nà, sínápúsì kò tóbi bákan náà. Èyí tí ó bá tóbi ní ojúkò púpọ̀ tí ń gba iṣẹ́, ohùn rẹ̀ a sì rinlẹ̀. Bí ẹranko náà bá ń kẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan a máa tóbi, àwọn mìíràn a máa kéré sí i. A lè rò pé bí ìdìmú bá ṣe pọ̀ tó ni èkúté yóò ṣe gbọ́n tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2010, wọ́n jẹ́ kí neuroligin-1 pọ̀ jù nínú ọpọlọ àwọn èkúté kan. Ìrísí sínápúsì wọn fi hàn pé ó ti dàgbà sí i, ṣùgbọ́n àti kọ́ ohun tuntun nira fún wọn. Ní ọdún kan náà, ìwádìí mìíràn yẹ SynCAM 1 wò. Bí ó bá pọ̀, sínápúsì a pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í lè rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí ó ti yẹ mọ́. Àwọn èkúté tí kò ní in rárá ní sínápúsì díẹ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ ibi tí nǹkan wà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun tí a fi àtè lẹ̀ ṣòro láti tú. Ohun tí a dì mú ṣe é jọ̀wọ́. Ó jọ pé ọpọlọ tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe méjèèjì. Nítorí náà, "èròjà adìmú" ni mo fara mọ́ báyìí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù ú lọ, ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.