Ẹ Mọ Igbó Yín Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Ìṣánko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé oko ṣíṣán jẹ́ iṣẹ́ agbára, àti pé owó alágbàṣe kò kéré. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ yín fi ń béèrè nípa ẹ̀rọ ìṣánko tí a ń fi ọ̀já gbé kọ́ èjìká. Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá igbó yín mu yóò sọ owó yín di òfò. Kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ kọ́kọ́ rìn yí oko yín ká, kí ẹ sì wo ohun tí ó hù níbẹ̀.

Koríko tí ó rọ̀: Bí ó bá jẹ́ eéran àti irú rẹ̀ ni ó pọ̀ jù, ẹ̀rọ tí ó fúyẹ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàrin 25 cc sí 35 cc, tí ó sì ń fi okùn ọ̀rá gé koríko, yóò tó yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí okùn náà kan ìdí kòkó tàbí ọsàn tí kò tíì dàgbà. Yóò bó èèpo rẹ̀, igi náà sì lè kú. Àdá ni kí ẹ fi ro ìdí wọn.

Igbó líle: Okùn ọ̀rá kò lè gé ewé Akíntọ́lá tí ó ti gbó. Ẹ wá ẹ̀rọ tí ó tó 40 cc sí 50 cc, tí ó ní abẹ irin eléyín mẹ́ta. Bí igi kéékèèké bá wà nínú igbó náà, abẹ tí eyín rẹ̀ dà bí ti ayùn ni ó yẹ. Ẹ má ṣe de abẹ irin mọ́ ẹ̀rọ tí ìwé rẹ̀ kò bá fi àyè gba irú abẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kan: Orí ẹ̀kan ni ẹ̀rọ yìí ń gé, kì í hú ohun tí ó wà nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá gé e tán tí ẹ fi í sílẹ̀, yóò tún hù. Ẹ fi ọkọ́ wú u, tàbí kí ẹ gbin mùkúnà tí kì í yúnni, kí ó tàn bo ilẹ̀, kí ó sì ṣíji bò ó.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ gbé e kọ́ èjìká láti mọ bí ó ti wúwo tó. Ẹ béèrè bóyá mẹkáníìkì ìtòsí yín mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, ẹ tẹ̀lé ìwé rẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé 1 sí 50, 20 mìlílítà ọ́ìlì ni fún lítà kan. Bí ó bá jẹ́ 1 sí 25, 40 mìlílítà ni. Bẹntiróòlù nìkan yóò ba ẹ́ńjìnnì náà jẹ́.

Nígbà iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣa òkúta àti wáyà kúrò nílẹ̀. Ẹ wọ awò tí ó bo ojú àti bàtà líle. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọdé, súnmọ́ yín tó mítà 15. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ. Ẹ rántí pé ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wà lọ́jà, ṣùgbọ́n a kì í ra ojú lọ́jà.